Ìlera àti Ìdárayá Nílé-Ẹ̀kọ́: Ojúṣe Àjùmọ̀ní Tí A Kò Tíì Pín

Àṣamọ̀

Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ìlera àti ìdárayá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ojúṣe àjùmọ̀ní: ti òbí, ti olùkọ́, ti òṣìṣẹ́ ìlera, ti ìjọba àti ti ará àdúgbò. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìdí tí ojúṣe náà fi ń já bọ́ láàárín ọwọ́ gbogbo wọn. Ó yẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò nínú èdè Yorùbá, ó fi ìpín iṣẹ́ inú agbo ilé wé ti ilé-ẹ̀kọ́ òde òní, ó sì fi àpẹẹrẹ méjì, àtọ̀sí ajá àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, hàn pé ojúṣe tí a kò pín fún ẹnikẹ́ni ní pàtó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ojúṣe tí kò sí rárá.

Ìfáárà

Òwe kan wà tí kì í wọ́n níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá: ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Alága a pa á, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ a tún un pa, aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ náà a sì fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn òbí a mi orí, ìpàdé a túká. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ ṣì wà ní bíbàjẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣì wà ní títì pa, pápá ìṣeré ṣì wà nínú igbó, àkókò ìdárayá sì ti di àkókò ìṣirò nítorí pé ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Òwe náà kò parọ́, àwọn tó pa á kò sì ṣe àgàbàgebè. Ohun tó ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ni pé: nínú igba ènìyàn yìí, ta ni yóò wo kí ni?

Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé. Kì í ṣe pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò gbà pé ojúṣe àwọn ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbígbà nìkan ni wọ́n gbà. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a jọ ni ojúṣe kan àti kí a ti pín in. Níbi tí a kò bá ti pín in, oníkálukú lè máa retí ọwọ́ ẹnì kejì títí ọmọ yóò fi ṣubú sí àárín wọn.

Ara nínú ìlera, ara nínú ìdárayá

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ohun kan í sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá tú ìlera palẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe le àti ọ̀rọ̀-orúkọ ara ni a ó rí. Bí a bá tú ìdárayá palẹ̀, ì-, dá, ara àti yá ni. Ara ni òpó tó gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì ró. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni ọ̀rọ̀-ìṣe yá. Bí aláìsàn bá gbádùn, a ó ní ara rẹ̀ ti yá. Bí ẹni tó jókòó pẹ́ bá dìde, tó na ẹsẹ̀, tó sì sáré díẹ̀, a ó ní ó dá ara rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ìwòsàn, òun náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ eré sísá. Lójú èdè náà, ẹ̀kọ́ ìlera àti ẹ̀kọ́ ìdárayá kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìwé ètò ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀.

Ṣùgbọ́n èdè yìí kan náà ló dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ẹ̀kọ́ ìdárayá sí ni eré ìdárayá. Òótọ́ ni pé eré gbòòrò ní ìtumọ̀: òun ló wà nínú sáré, tí í ṣe sá àti eré, òun náà ló wà nínú eré orí ìtàgé. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, òdìkejì eré ni iṣẹ́, òdìkejì rẹ̀ náà ni ìwé kíkà. Òbí tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ kò fẹ́ gbọ́ pé eré ni ọmọ òun lọ ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti fi ìṣirò tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò àkókò náà láìsí ẹni tí yóò fi ẹjọ́ sùn.

Àwọn Yorùbá àtijọ́ kò fojú tín-ín-rín eré bẹ́ẹ̀. Gídígbò kọ́ ọmọ ní agbára, ó sì kọ́ ọ bí a ti ń ṣubú láìbínú. Òkòtó kọ́ ọwọ́ àti ojú ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹkùn-mẹ́ran kọ́ ọmọ ní eré sísá àti yíyẹ̀, ó sì kọ́ àwọn tó dúró yíká ní pípa ohùn pọ̀. Ayò, tí í ṣe eré ìjókòó, kọ́ni ní ìṣirò àti sùúrù. Ohun tí ìwé ètò ẹ̀kọ́ òde òní ń pè ní ète ẹ̀kọ́ ìdárayá ti wà nínú àwọn eré yìí kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé.

Igba ènìyàn nínú agbo ilé

Bí a bá wo bí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú agbo ilé, a ó rí i pé igba ènìyàn ibẹ̀ kò wọ́ bí èrò ọjà. Ìyá àgbà ni ó ń wẹ ọmọ tuntun, tí ó ń na ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀. Ìyá ọmọ ni ó ń fún un ní ọmú àti oúnjẹ. Bàbá ni ó ń wá owó, tí ó sì ń lọ bá oníṣègùn nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Àwọn ọ̀dọ́mọdé àti ìyàwó ilé ni ó ń gbálẹ̀ ní kùtùkùtù. Àwọn ẹ̀gbọ́n ni ó ń ṣáájú àwọn àbúrò níbi eré òṣùpá, wọn a sì máa ṣọ́ kékeré kí ó má fara pa. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àgbàlá kò sì tíì mọ́, kò sẹ́ni tí yóò pe ìpàdé kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọn yóò bi. Igba ènìyàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníkálukú mọ ìpín tirẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ agbo ilé àtijọ́ di ọ̀run rere. Orúkọ bíi Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrójayé ń jẹ́rìí sí iye ọmọ tó lọ láìtọ́jọ́, nítorí pé ìmọ̀ nípa kòkòrò àrùn àti ẹ̀jẹ̀ kò tíì sí lọ́wọ́. Ìmọ̀ òde òní ti fi ohun púpọ̀ kún ti wọn. Ohun tí òde òní kò tíì fi rọ́pò dáadáa ni ìpín iṣẹ́ tí kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú iyèméjì.

Ohun tí òfin àti ìlànà wí

Láti ìgbà tí àwọn Wẹ́síléyànì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843 ni ọmọ Yorùbá ti ń kúrò ní ojú agbo ilé fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò èékánná, eyín àti aṣọ lórí ìlà di àṣà òwúrọ̀, dírílì di àṣà pápá, wolé-wolé sì ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé wò. Ní January 1955, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyípadà náà kárí. Ọmọ ẹni gbogbo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ara ọmọ ẹni gbogbo ti wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Òfin kò sì dákẹ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti nínú ètò ìlera. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ìsinmi àti eré di ẹ̀tọ́ ní abala 12, ó sì sọ ìlera di ẹ̀tọ́ ní abala 13. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti 2004 la ọ̀nà tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ yóò gbà jọ náwó sí i. Ní 2006 ni ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìlera ní ilé-ẹ̀kọ́ jáde. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ẹsẹ̀ márùn-ún: àyíká tó dára fún ìlera, oúnjẹ ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ìlera tó ń kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò ṣe, ìtọ́jú ìlera, àti àjọṣepọ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́, ilé àti àwùjọ. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló ni ín. Ti ìlera àti ti àyíká náà ní ipa nínú rẹ̀.

Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlànà orílẹ̀-èdè lè pín iṣẹ́ dé ni ẹnu ọ̀nà ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ó lè dárúkọ iléeṣẹ́. Kò lè dárúkọ ẹni tí yóò ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní agogo méje àárọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkọ́lé. Ìpín tó kẹ́yìn yìí, inú ọgbà ni a ti gbọ́dọ̀ ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni a kì í sì í ṣe é. Ohun mìíràn tún wọlé. Nínú àtúnṣe ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí a bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2014, ẹ̀kọ́ ìlera àti ìdárayá di ọ̀kan lára ẹ̀ka mẹ́rin tí a kó sábẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ète rẹ̀ ni láti dín iye iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe kù. Àmọ́ lábẹ́ ètò yẹn, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò kọ́ṣẹ́ ìdárayá lè fi ẹ̀ka yìí parí iṣẹ́ rẹ̀ lójú pátákó, láìjẹ́ kí ọmọ kan dé pápá.

Ìṣirò kan tún wà tó yẹ kí gbogbo wa ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lámọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ṣe ohun tó ń mú èémí yára. Ìṣẹ́jú 420 ni èyí lọ́sẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní àkókò ìdárayá méjì lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 40, tí a kò sì jí ọ̀kankan nínú wọn, ìṣẹ́jú 80 péré ni. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ìyókù di ti ilé, ti ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ àti ti àdúgbò. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ kò lè dá a ṣe bí ó tilẹ̀ fẹ́. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Àpẹẹrẹ kìíní: àtọ̀sí ajá

Àtọ̀sí ajá fi hàn kedere ohun tí ojúṣe tí a kò pín lè fà. Aràn kan tó ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nítòsí àpò ìtọ̀ ló ń fà á. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde. Bí ìtọ̀ bá dé odò tàbí adágún, ohun tó bá jáde láti inú ẹyin a wọ inú ìgbín omi, a tún pọ̀ sí i níbẹ̀, a jáde, a sì gba awọ ara ẹni tó bá wọ omi náà kọjá. Ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ni àmì tó wọ́pọ̀. Ní àwọn abúlé tó yí adágún ìdídò Ọ̀yán ká ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ ìwádìí láti àwọn ọdún 1980 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí ilé-ẹ̀kọ́ ni àrùn yìí ń bá jà jù, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ jù.

Oògùn rẹ̀ wà: praziquantel, mílígíráàmù 40 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti sábà ń pín in, olùkọ́ a sì máa fi ọ̀pá tí a fi ń wọn gíga ọmọ pinnu iye hóró tí yóò lò. Ó rọrùn lójú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka iye ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ gbé oògùn dé lásìkò. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ wọn ọmọ dáadáa, kí ó sì dúró títí ọmọ yóò fi gbé e mì. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ó sì rí i pé ọmọ jẹun, nítorí pé oògùn yìí lè mú òòyì àti èébì bá ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè omi mìíràn, torí pé oògùn ń pa aràn tó wà lára, kò sì dènà òmíràn. Olùkọ́ ìlera àti ìdárayá gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní ìdí tí kò fi yẹ kí ó tọ̀ sínú omi, kí ó sì fún un ní ibòmíràn tí yóò ti ṣeré.

Bí ọwọ́ kan bá yẹ̀, iṣẹ́ àwọn yòókù bàjẹ́. Ọmọ tí kò jẹun bì. Ìyá gbọ́ pé oògùn ìjọba fẹ́ pa ọmọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìdajì kíláàsì kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ oògùn. Nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ yóò ní òbí ni, òbí yóò ní olùkọ́ ni, òṣìṣẹ́ ìlera yóò ní àwọn méjèèjì ni. Gbogbo wọn ló ń tọ́ka, kò sì sí ẹni tí a yàn ṣáájú láti bèèrè ìbéèrè kékeré kan: ṣé àwọn ọmọ yìí ti jẹun?

Àpẹẹrẹ kejì: fòníkú-fọ̀ladìde

Àpẹẹrẹ kejì ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìtìjú wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn inú ẹ̀jẹ̀ yìí ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa: ẹni tó ní in lè dà bí ẹni tí yóò kú lónìí, kí ó sì dìde lọ́la. Àwọn onímọ̀ kan ti so ìgbàgbọ́ nínú àbíkú mọ́ ọn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Òùngbẹ, òtútù, ooru àti àárẹ̀ tó pọ̀ jù lè ta á jí, ìrora rẹ̀ sì le.

Ní pápá ìdárayá, àìmọ̀ lè ṣe ìpalára lọ́nà méjì. Olùkọ́ tí kò mọ̀ lè pe ọmọ tó dúró sinmi ní ọ̀lẹ, kí ó lé e padà sójú eré. Olùkọ́ tó mọ̀ díẹ̀ lè lé e kúrò ní pápá pátápátá, kí ó máa jókòó ti àpò àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi jáde ilé-ẹ̀kọ́. Méjèèjì kò dára. Eré níwọ̀nba, pẹ̀lú omi àti ìsinmi, kò kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe, bí dókítà wọn bá ti fọwọ́ sí i.

Ẹni tí ìpín àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbí ni òbí: òun nìkan ló lè sọ. Ọ̀pọ̀ òbí kò sì sọ, nítorí ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yóò tàn, pé a ó máa fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, pé yóò kan ìgbéyàwó àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́la. A kò lè dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi kí a sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, ẹnì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa àṣírí mọ́, kí òbí sì mọ ẹni náà. Ìpín òbí kò lè ṣeé ṣe bí ìpín ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ṣáájú rẹ̀. Èyí fi hàn pé pípín ojúṣe kì í ṣe kí oníkálukú kàn gba tirẹ̀ kí ó máa lọ. Ó ní ètò, ọ̀kan ń ṣí ilẹ̀kùn fún èkejì.

Bí a ṣe lè pín in

Ohun mẹ́ta ni àpẹẹrẹ méjèèjì fi kọ́ni. Èkíní, ènìyàn ni kí a pín iṣẹ́ fún, kì í ṣe ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́. Bí a bá ní ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni yóò máa bójú tó omi, a kò tíì pín nǹkan kan. Bí a bá dárúkọ òbí méjì, tí a sì sọ ọjọ́ tí wọn yóò máa wá yẹ ẹ̀rọ wò, a ti pín in. Èkejì, kí gbogbo ènìyàn mọ ìpín ara wọn. Kí a kọ ọ́ ní èdè tí òbí lè kà, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. A lè fi èdè náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ọmọ jẹun kí ó tó lo oògùn. Ẹ̀kẹta, kí ìpín má kọjá agbára ẹni tí a fún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ lè gbálẹ̀ kíláàsì, wọ́n sì lè ṣọ́ ara wọn ní pápá. Wọn kò lè gbẹ́ kànga. Òbí lè fún ọmọ ní oúnjẹ àárọ̀. Kò lè gba pápá ilé-ẹ̀kọ́ padà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí rẹ̀. Ti ìjọba nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi òwe bò ó mọ́lẹ̀.

Ìpín kan tún wà tí a kì í sábà rántí, ti olùkọ́ Yorùbá. Ìmọ́tótó àti eré ìdárayá wà lára ohun tí ó ń kọ́ni lábẹ́ àṣà. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, ohun tí ọmọ ń ṣe ni pé kí ó kọ orúkọ eré òṣùpá márùn-ún sílẹ̀ fún ìdánwò. Bí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ ìdárayá bá fi ẹnu kò, ẹkùn-mẹ́ran lè kúrò lójú ìwé, kí ó dé pápá. Kò gba bọ́ọ̀lù, kò gba bàtà, àgbàlá kékeré sì tó o. Fún ilé-ẹ̀kọ́ ìlú ńlá tí kò ní pápá, ìrànlọ́wọ́ gidi ni èyí. Ó sì tún dá ẹ̀kọ́ àṣà padà sí ara, níbi tí ó ti wá.

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé yìí ti fi hàn pé nínú èdè Yorùbá, ìlera àti ìdárayá jọ dúró lórí ara ni, àti pé òwe igba ènìyàn kò túmọ̀ sí pé kí iṣẹ́ di ti ẹni gbogbo láìní olórí. Agbára òwe náà nínú agbo ilé wá láti inú ìpín tí oníkálukú mọ̀. Òfin àti ìlànà ti gbé ojúṣe náà dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbésẹ̀ tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ọgbà àti àwọn tó ń rán ọmọ wá síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè àti àṣà náà ní tiwọn níbẹ̀, pàápàá nínú ṣíṣe àkọsílẹ̀ àwọn eré ìbílẹ̀ kí wọ́n tó parẹ́, àti nínú wíwá ọ̀rọ̀ tí òbí yóò lóye fún ohun tí dókítà ń wí.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ó dájú pé ẹnì kan yóò tún pa òwe náà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kí ẹlòmíràn ṣáà nawọ́ sókè lẹ́yìn rẹ̀, kí ó bèèrè ẹni tí yóò ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́la, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀.